Bí Ipò Mi Ṣe Tóbi Tó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka oyè mi fún yín, kí ẹ lè mọ bí ibi tí mo ti já bọ́ ṣe ga tó. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Gbogbo, Alága Ìgbìmọ̀ Ìtumọ̀, Olùdarí Iléeṣẹ́ Èdè Ìjọba. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi nìyẹn, ìlà mẹ́rin, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á tán, ni mo bá ní kí káfíńtà lọ kan ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti fura báyìí.

Iṣẹ́ wa kò ju ká máa túmọ̀ ìwé lọ. Fọ́ọ̀mù, ìkìlọ̀, ìkéde, àlàyé bí wọ́n ṣe ń po oògùn kòkòrò: ohunkóhun tí ìjọba bá kọ lédè òyìnbó, àwa la máa ń yí i sí èdè tí ará ìlú gbọ́. Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ mi. Àwọn méjìdínlógún ń ṣiṣẹ́, Igbákejì mi ń yìn mí.

Láràárọ̀ ni Igbákejì yìí máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn láti gba báàgì lọ́wọ́ mi. Á ké tòò pé, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti jí!" Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì dáhùn pé, "Nítorí yín ló ṣe jí!" Èmi fúnra mi ni mo kọ ìdáhùn náà, mo tẹ̀ ẹ́, mo buwọ́ lù ú, mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bí mo bá ti wọlé tán, dẹ́rẹ́bà mi á rọra béèrè pé, "Ọ̀rọ̀ ti jí, owó oṣù wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sùn?" Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rù mi kò ti ba ẹnikẹ́ni mọ́, kò sẹ́ni tí kò tíì wá ròyìn fún mi, oníkálukú pẹ̀lú iyọ̀ tirẹ̀.

Kí n tó dé orí owó, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ etí ìwé. Lọ́jọ́ kan ni mo ṣàdédé rí i pé etí gbogbo ìwé tó ń jáde lọ́dọ̀ wa ló ṣófo. Mo pe ìpàdé. Mo gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni mo wí, "mo wo etí ìwé wa, omi bọ́ lójú mi. Òfìfo lọ́tùn-ún! Òfìfo lósì! Òfìfo lókè, òfìfo nísàlẹ̀! Ta ló ń sanwó gbogbo òfìfo yìí? Láti òní lọ, kí ọ̀rọ̀ kún ìwé dé bèbè!"

"Dé bèbè!" ni Igbákejì pariwo. Ó nu ojú. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òógùn ló nù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí kò létí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni a tẹ ìkéde kan jáde pé, "A kò gba òṣìṣẹ́ láàyè láti gbé ọkọ̀ ìjọba lọ sílé." Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà sínú fáìlì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò síwèé lu "kò" dànù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ ìjọba mọ́kànlá ti bá òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dá ẹ̀rọ alu-ihò náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì kọ ìwé ẹ̀sùn lé e lórí.

Irú ọkùnrin tí Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí nìyẹn, pé kó bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú mọ ewu tó wà nínú fọ́rẹ́ẹ̀sì, òwò tí wọ́n ń fi owó ilẹ̀ kan ra owó ilẹ̀ mìíràn, tí ènìyàn ń retí kí iye rẹ̀ gòkè kó tó tà á. Mo jókòó tì í ní ọjọ́ mẹ́rin. Májìnì, mo túmọ̀ rẹ̀ sí "etí ìwé", torí bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí èmi fúnra mi ṣe nìyẹn. Fíríì májìnì, mo pè é ní "etí ìwé tó ṣófo". Lẹ́fẹ́réèjì di "agbára ìlọ́po". Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí ọjà tí ènìyàn gbé ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní pòsíṣọ̀n, mo kọ "ìtóbi ipò", inú mi sì dùn dé ọkàn. Mo túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ náà dáadáa débi pé ó di ìwé ìkésíni. Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ìpè náà ni èmi.

Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ wa ni kọ́tàsì wà, ilé gígùn méjì tó kọjú síra wọn, tí okùn aṣọ sísá so wọ́n pọ̀. Ìdílé mẹ́rìnlá ló ń gbé ibẹ̀: dẹ́rẹ́bà, ọlọ́dẹ, àwọn atẹ̀wé, àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Ìjọba kéde pé òun fẹ́ tà á. Dọ́là ni wọ́n fi dá iye rẹ̀, torí ìjọba wa kò fọkàn tán owó tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀. Bí àwọn tó ń gbé inú ilé náà bá lè mú ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tiwọn ni títí láé. Bí wọn kò bá lè mú un wá, oníṣòwò kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ wó o palẹ̀, kó sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Màmá Atẹ̀wé ni akápò wọn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń tẹ ìwé fún ọ̀gá mẹ́fà, èmi ni ìkẹfà, wọ́n sì ní ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tèmi ló gùn jù. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là jọ lọ́wọ́ àwọn ará kọ́tàsì, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Ẹgbẹ̀rún méjì ló kù. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀: ìdílé kọ̀ọ̀kan á wá ogóje dọ́là ó lé díẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnì kan fẹ́ ta kẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó kù ju ìbuwọ́lùwé mi lọ, torí òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé olórí iléeṣẹ́ ni alága, owó kò sì lè jáde àfi bí èmi àti akápò bá jọ fọwọ́ sí i.

Mo pe ìpàdé mìíràn. Mo tún gun orí àpótí.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta kẹ̀kẹ́," ni mo wí. "Ìtìjú! Nígbà tí èmi wà láyé? Mo ti ka ìwé ìjìnlẹ̀ kan. Agbára kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lẹ́fẹ́réèjì. Bí èèyàn bá ní ẹyọ kan, á ṣe bí ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún!"

"Ọ̀gá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ni dẹ́rẹ́bà mi wí lábẹ́lẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í.

"Ọgọ́rùn-ún!" ni Igbákejì pariwo. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di orúkọ mi. Bí mo bá ń kọjá ní kọ́rídọ̀, á na ọwọ́ sókè pé, "Ọgọ́rùn-ún ń kọjá o!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, màá sì dín ìrìn kù kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Màmá Atẹ̀wé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. "Sà," ló wí, "owó àwọn ènìyàn ni. A ò fẹ́ agbára kankan. Ẹ ṣáà bá wa buwọ́ lùwé."

Mo wò ó láti òkè àpótí mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ohun tí mo sọ yìí. Mo ní, "Màmá, ta ló ní kí ẹ máa gbé kọ́tàsì ìjọba láti ọjọ́ yìí? Ẹni tí kò bá fọkàn tán alága, ó lè kó ẹrù rẹ̀ lónìí."

Mo na ìwé tí a ó fi kó owó náà jáde sí i. Ó gba bírò. Kó tó buwọ́ lù ú, ó ní, "Ìyàwó yín ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe owó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá wa wò ó." Mo ṣèlérí fún un. Mo máa ń ṣèlérí dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó mi tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì mú pẹ́ńsù.

"Dádì, ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ó le fún yín. Alágbàtà tó máa bá yín ra owó náà ní lẹ́fẹ́réèjì òun jẹ́ ọgọ́rùn-ún sí ẹyọ kan. Ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀tì kan. Bí ẹ bá gbé lọ́ọ̀tì kan, ẹgbẹ̀rún kan péré ni á fọwọ́ dè mọ́lẹ̀ nínú owó yín, gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró. Òun ni májìnì. Èyí tó kù, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, òun ni fíríì májìnì."

"Etí ìwé tó ṣófo," ni mo wí.

"Kò ṣófo, Dádì. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ọjà bá lòdì sí yín, ibẹ̀ ni àdánù ti máa kọ́kọ́ jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, alágbàtà á kìlọ̀ fún yín. Bó bá tún jẹ ìdajì májìnì fúnra rẹ̀, á ti ọjà náà pa, kò ní bi yín."

"Ṣùgbọ́n ó ní mo lè gbé tó lọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, mẹ́wàá pàápàá!"

"Bí ẹrù tó lè gbé lé yín lórí ṣe pọ̀ tó ló ń sọ. Kò wo ọrùn yín." Ó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. "Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ni pé, bó bá burú, èló la lè pàdánù ká sì tún lè sùn? Ẹ jẹ́ ká ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Píìpù ni ọjà yìí fi ń rìn, ó kéré gan-an, ẹgbàárùn-ún píìpù ló wà nínú dọ́là kan. Ẹ jẹ́ ká ní bó bá lòdì sí wa ní àádọ́ta píìpù, a jáde. Ẹ pín ọgọ́rùn-ún sí àádọ́ta: dọ́là méjì fún píìpù kan. Odindi lọ́ọ̀tì kan sì máa ń jẹ dọ́là mẹ́wàá fún píìpù kan. Ìdá kan nínú márùn-ún lọ́ọ̀tì lẹ máa gbé nìyẹn. Òdo pọ́íǹtì méjì."

Mo dìde lórí àga. "Òdo?"

"Òdo pọ́íǹtì méjì."

"Òdo ló máa ṣáájú? Lórí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ pé ìtóbi ipò ni? Ṣé o mọ ipò mi ni?"

Ó wò mí títí. "Dádì," ló wí, "mo ti wo ìṣirò yìí lókè nílẹ̀. Ipò yín kò sí níbẹ̀. Bí a bá sì gbé e bó ṣe yẹ, kò lè di ẹgbẹ̀rún méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá owó wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ dá a. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Mo ká ìwé tó kọ náà, mo fi sápò. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Màmá Atẹ̀wé pé ìyàwó mi ti wò ó. Kò kúkú sí irọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́rú ni a fi ayẹyẹ náà sí. Bẹ́ẹ̀ ni o, ayẹyẹ. A gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn, a tan ohun tó wà lójú rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó. Igbákejì gbé máòsì kọ̀ǹpútà wá lórí tìmùtìmù aláwọ̀ pupa, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, wáyà rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀. Aago kan àbọ̀ ọ̀sán la yàn, torí báńkì ńlá kan lókè òkun fẹ́ ṣe ìkéde láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ìwé ìkìlọ̀ ti sọ pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọjà máa ń jà bí ìjì. Èmi túmọ̀ rẹ̀ pé ọjà máa ń jí.

Owó Yúróò la fẹ́ rà. Mo kọ́kọ́ tẹ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ náà ní owó kò tó. Mo bínú, mo bi Igbákejì léèrè bóyá ẹ̀rọ náà mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kò mọ̀ ni, sà. Mo wá tẹ mẹ́sàn-án, ó gbà. Lára ògiri, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wọ inú májìnì, ẹgbẹ̀rún kan péré ló kù tó ṣófo. Inú mi dùn. Ìwé náà kún dé bèbè.

Kí n tó gbé ìka kúrò, àádọ́rùn-ún dọ́là ti lọ, owó iṣẹ́ alágbàtà.

"Owó ìkíni ni, sà!" ni Igbákejì wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ojú ewé mọ́kànlá ni, kò sì létí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ọjà ń gòkè lẹ́yìn mi. Wọ́n sọ fún mi pé mo wà ní ojú ewé kẹta, níbi tí mo ti ń fi ara mi wé oòrùn, nígbà tí èrè di ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Ní ojú ewé kẹrin, ó di ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin. Àwọn ènìyàn dìde. Mo rò pé èmi ni wọ́n dìde fún.

"Sà!" Màmá Atẹ̀wé ti rìn wá sí iwájú. "Sà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé! Igba dọ́là ló kù, a máa wá ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ọjà náà pa."

"Màmá, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi," ni mo wí. "Ó ku ojú ewé méje."

Ìkéde báńkì náà jáde ní ojú ewé karùn-ún. N kò mọ ohun tí wọ́n kéde títí dòní. Mo kàn rí i pé ojú gbogbo àwọn tó wà níwájú mi yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì wẹ̀yìn. Nọ́ńbà ti pupa. Èrè ti lọ. Àdánù ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, etí ìwé mi ti tán, àpótí kékeré kan sì yọ lára ògiri, ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì sì wà nínú rẹ̀: májìnì kọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó bá ní làákàyè, ibẹ̀ ló ti máa tẹ bọ́tìnnì, á kó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tó kù, á sì sá jáde. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìtumọ̀ la wà.

"Ìpè etí ìwé," ni mo wí sókè, kí àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó lè mọ̀.

"Ìpè, sà, àbí ìkésíni?" ni Igbákejì béèrè.

Mo ronú. "Ìkésíni ní ọ̀wọ̀ nínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ọ̀kan nínú àwọn atúmọ̀-èdè wí láti ẹ̀yìn, "ìkìlọ̀ ńkọ́? Ó jọ pé ńṣe ló ń halẹ̀."

"Ìkìlọ̀ kọ́!" ni ẹlòmíràn wí. "Kọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ. Ẹ ò lè mú ìkìlọ̀ jáde látinú kọ́ọ̀lù."

"Sà, owó wa!" ni Màmá Atẹ̀wé ń ké. "Owó wa ń lọ!"

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń sọ ná."

A jiyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Píìpù kọ̀ọ̀kan ń jẹ àádọ́rùn-ún dọ́là. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò sí "ìpè pàjáwìrì", ọ̀rọ̀ tó dára, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ náà dún tín-ín. Ó ti ti ọjà pa. Píìpù mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ọjà fi lọ sísàlẹ̀ ibi tí a ti rà á. Kò tó sẹ́ǹtì kan lórí Yúróò kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí a gbé wọlé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló kù.

Ìwé tí ìyàwó mi kọ wà lápò mi ní gbogbo ìgbà náà. Ká ní òdo pọ́íǹtì méjì ni mo gbé, ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ni à bá pàdánù, à bá sì ti lọ jẹun. Kó tó di aago mẹ́ta, ọjà ti padà síbi tó wà, ó tún kọjá ibẹ̀. Kò ní ohunkóhun lọ́kàn sí mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà.

Màmá Atẹ̀wé jókòó sórí àga kan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókùn. "Ọdún mẹ́sàn-án," ló wí. Kò wò mí nígbà tó sọ ọ́. Mo wo Igbákejì, kó lè bá mi wá ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó ti gbé tìmùtìmù náà, ó ti jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé dé pé kí n lọ fẹ̀yìn tì. Igbákejì ló tẹ̀ ẹ́. Ó fi etí tó fẹ̀ dáadáa sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ihò fáìlì kò kan ọ̀rọ̀ kankan, mo ka gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Nígbà tí mo lọ kó ẹrù mi, mo gbọ́ ohùn Igbákejì lórí àtẹ̀gùn pé, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti jí!" Ẹsẹ̀ mi ti sáré débẹ̀ kí n tó rántí pé èmi kọ́. Káfíńtà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó ń yọ lẹ́tà. Ó ní ọ̀gá tuntun fẹ́ ìlà márùn-ún.

Mo dé ilé, mo jókòó síbi tábìlì oúnjẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, láti ojú ewé kìíní dé ojú ewé karùn-ún. Mo rò pé á pariwo. Mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì ariwo.

"Àwọn ará kọ́tàsì ńkọ́?" ló béèrè.

"Wọ́n ti dá ẹgbẹ̀rún méjì tiwọn. Wọ́n ta kẹ̀kẹ́ náà. Èyí tí mo pàdánù ni kò sí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó wo ògiri yíká. Ọdún mọ́kànlá la fi kọ́ ilé náà, owó oṣù tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun ló yan ọ̀dà tó wà lára ògiri, òun ló dúró ti bíríkìlà nínú oòrùn nígbà tí èmi ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Gbèsè báńkì sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"A máa tà á," ló wí.

"Ilé wa?"

"Ìdílé mẹ́rìnlá ni wọ́n, Dádì. Àwa jẹ́ ẹyọ kan." Ó dìde, ó kó abọ́. Ibi ìfọbọ́ ló ti sunkún, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí n má bàa gbọ́. Mo gbọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bó ṣe tì mí nínú gbọ̀ngàn lọ, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, èmi Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Gbogbo.

Ẹni tó ra ilé náà rí i lójú wa pé a ń kánjú, ó gé owó bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn tí a san gbèsè báńkì, ohun tó kù tó san èyí tí mo jẹ, ó sì tó owó ilé oníyàrá méjì tí a máa yá fún ọdún kan. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn ni èmi àti Màmá Atẹ̀wé lọ sí ọ́fíìsì ilé àti ilẹ̀. A tò sórí ìlà láti àárọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́kàn mi.

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì gba owó náà, ó gbójú sókè wò mí. "Ta ni ẹ̀yin, sà?"

Mo fa èémí sínú. Mo ya ẹnu.

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Màmá Atẹ̀wé sọ fún akọ̀wé náà. "Ẹ ṣáà bá wa ka owó wa."

Akọ̀wé náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé. Ó lu òǹtẹ̀, ó kọ rìsíìtì, ó tì í jáde lábẹ́ gíláàsì. Màmá Atẹ̀wé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú bùbá. A jáde sí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn mú. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó gùn díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Màmá. Ó ń di ẹrù."

"Ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un," ló wí. "Ẹ sọ fún un pé òun ló ra ilé fún wa. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ó yí padà, ó ń lọ. Èmi náà forí lé ilé. Mo bá ìyàwó mi láàárín páálí, ó so gèlè mọ́ ìbàdí, eruku wà nínú irun rẹ̀. Mo ní Màmá Atẹ̀wé ní kí n sọ fún un pé òun ló ra ilé fún wọn, kì í ṣe èmi.

Ó dúró, ó ń wò mí, ó ń retí èyí tó kù. Ó ti mọ̀ mí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Ó tán," ni mo wí. "Ibi tó parí sí nìyẹn."

Ó jókòó sórí páálí tó ti dì tán, ó fi eteetí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó sì na okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun di èyí tó kù.